Ọkọ̀ Tí Kò Gúnlẹ̀

Ẹni tó bá ń kánjú, kó má gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Tínà. Ìkìlọ̀ tí àwọn tó ń tẹ̀wé ní Ìsàlẹ̀ Èkó máa ń ṣe fún oníbàárà nìyẹn, wọn á sì fi ẹ̀rín sí i. Bí obìnrin náà bá ti jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé Alhaji Tìjání, lẹ́yìn Ìdúmọ̀tà, á fi rúlà onígi kan sábẹ́ ìlà àkọ́kọ́, á kà á, á sún rúlà wálẹ̀ díẹ̀, á ka ìlà kejì. Ì báà jẹ́ káàdì ìkómọjáde, ì báà jẹ́ ìwé ìpè ìgbéyàwó, bákan náà ni lójú rẹ̀. Oníbàárà á pòṣé títí, á wo aago títí, rúlà ò ní sáré. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wá sọ ọ́ ní Àǹtí Rúlà. Ó gbọ́, kò bínú. Ó ní orúkọ tó yẹ kí wọ́n máa pe òun burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kì í ṣe bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lọ́dún 1988 á sọ fún ọ pé kò sí ojú tó yá tó tirẹ̀ ní gbogbo Erékùṣù Èkó.

Clementina ni orúkọ ìrìbọmi rẹ̀. Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, kó tó di pé ìlú le, tí wọ́n sì dá òun àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Alhaji Tìjání, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó pọ́ńbélé tó lójú àánú ṣùgbọ́n tí kò ní sùúrù rárá, ló gbà á pé kó máa ka púrúùfù. Bí Jóṣúà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń to lẹ́tà tó sì ń darí ẹ̀rọ, bá ti to iṣẹ́ kan tán, á tẹ ẹyọ kan jáde. Clementina á kà á, á fi bírò pupa mú àṣìṣe inú rẹ̀, kí wọ́n tó tẹ ìyókù.

Láti ilé ìwé ló ti mú rúlà yẹn wá. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó débẹ̀, Alhaji dúró tì í, ó ń wo bó ṣe ń sún un.

"Tíṣà, kí lò ń fi ìyẹn wọ̀n?"

"Mò ń kàwé ni, sà."

"Òkú ń dúró ní mọ́ṣúárì, ìwọ ń kàwé!"

Ìwé ètò ìsìnkú ló ń bọ́ ilé ìtẹ̀wé náà. Ẹ sì mọ àwa èèyàn wa. Bí àgbàlagbà bá kú, ẹbí á kọ́kọ́ jà lórí ibi tí wọ́n máa sin ín sí, wọ́n á tún jà lórí ọmọ tí orúkọ rẹ̀ máa ṣáájú, ìgbà tí ìjà bá fi máa parí, àìsùn ti ku ọ̀la. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa gbé fọ́tò àti ìtàn ìgbésí ayé olóògbé sáré wá, tí wọ́n á ní àwọn fẹ́ gbà á kí ilẹ̀ tó ṣú. "Òkú kì í dúró de púrúùfù," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti di òfin. Clementina ti rúlà bọ inú dúrọ́ọ̀. Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi kọ́ eré.

Ohun mìíràn tó tún kọ́ níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń gé ìdúpẹ́. Ìwé ètò ìsìnkú kò ju ọ̀nà kan lọ: fọ́tò níwájú, orin, ìtàn olóògbé, orin, lẹ́yìn náà ìdúpẹ́ ẹbí, ẹ̀yìn pátápátá ni ó sì máa ń wà. Pépà wọ́n bí ojú láwọn ọdún wọ̀nyẹn. Bí iṣẹ́ bá fi ewé kan tàbí méjì lé, kò sẹ́ni tó ń lọ ra pépà tuntun nítorí rẹ̀. Ìdúpẹ́ ni wọ́n ń gé. Kò sì sí ẹbí tó bínú rí, torí pé nígbà tí èèyàn bá fi máa ka ìwé òkú dé ìdúpẹ́, ó ti ń wo ibi tí wọ́n ti ń bu ìrẹsì. Tí Clementina bá ti rí "a dúpẹ́ lọ́wọ́" lókè ewé tó gbẹ̀yìn, kò tún wo ìsàlẹ̀. Á fi bírò fa igi sí i lórí, ó parí.

Oṣù kọkànlá ọdún 1988 ni Pàpá Gregory wọlé tọ̀ wọ́n wá, ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún, fáìlì páálí kan lábíyá. Gbogbo Pópó Àgùdà ló mọ̀ ọ́n. Inú ilé tí bàbá rẹ̀ àgbà kọ́ nígbà tó ti oko ẹrú ní Bàhíà lókè òkun dé ló ń gbé. Ó ṣe akọ̀wé ní èbúté Apápá títí ó fi fẹ̀yìn tì, àmọ́ ojú ti ń dùn ún báyìí, ó sì ti di pé ohùn ló fi ń dá èèyàn mọ̀. Ohùn Clementina kò ṣòro fún un, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ń lọ.

Ayò kan ló wà nínú fáìlì náà. Kì í ṣe lúdò, kì í ṣe dráfù, kì í sì í ṣe ayò ọlọ́pọ́n. Ẹnu ni wọ́n fi ń ta á. Èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún á jókòó yí tábìlì ká, oníkálùkù á mú ẹni tó fẹ́ jẹ́: télọ̀, agbẹ̀bí, bíríkìlà, ààfáà, tàbí ẹni tó sá kúrò lóko ìrèké. Gbogbo wọn wà nínú ọkọ̀ ojú omi kan tó ń ti Bàhíà bọ̀ wá sí Èkó. Ẹnì kan á jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀, òun nìkan ló ń mú ìwé òfin lọ́wọ́. Á ní ìjì dé, tàbí omi mímu ti ń tán, tàbí ọmọ kan ń gbóná. Á bi wọ́n léèrè pé, kí lẹ máa ṣe? Oníkálùkù á dáhùn bí ẹni tó ń jẹ́ yẹn ṣe máa dáhùn, wọ́n á da dáìsì, òfin á sọ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Nínú ayò yìí, ẹnì kan kì í borí ẹnì kejì. Àjọdé ni tàbí àjọrì.

Ọdún pẹ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń ta á ní pálọ̀ Pàpá Gregory, tí òun fúnra rẹ̀ ń jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ láti orí wá, láìsí ìwé. Ọkọ̀ Ń Bọ̀ ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó rí i pé ojú òun ti ń lọ, ó pe Angela, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó ní kó jókòó, kó máa kọ ọ́ bí òun bá ṣe ń sọ ọ́. Angela kọ ọ́ tán ní ọ̀sẹ̀ tó wọ bààlúù lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

"Tínà," ni bàbá náà wí, ó sì gbé fáìlì lé ọwọ́ Clementina fúnra rẹ̀, kò gbé e fún Alhaji. "Òfin ló wà níbẹ̀ o. Kì í ṣe ìtàn téèyàn lè fo díẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹyọ kan bá já bọ́ nínú ẹ̀, wọn ò ní dé ilé."

"Pàpá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ojú mi ló máa kà á."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, sà."

Ọjọ́ kejì Kérésì ló fẹ́ gbà á, fún àpéjọ kan ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fẹ́ kí àwọn òbí wá, kí àwọn ọmọ ta ayò náà láti inú ìwé, kí òun sì jókòó láàrin èrò bí ẹlòmíràn, láìsọ nǹkan kan. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ náà lè dé láìsí òun.

Bí ẹnì kan bá ti ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé rí ní Èkó nínú oṣù Kérésì, kó bá mi jẹ́rìí. Ìwé orin kárọ́ọ̀lù, kàlẹ́ńdà ọdún tuntun, káàdì ìgbéyàwó, àti àwọn òkú tí kò mọ̀ pé ọdún ló dé. Ojoojúmọ́ ni Alhaji ń ti iṣẹ́ Pàpá Gregory sísàlẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi máa fà á yọ, Kérésì ti kan ilẹ̀kùn. Wọ́n wá ń tò ó, wọ́n ń kà á, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àtẹ ìjì tí wọ́n fi ń wo ohun tí dáìsì mú wá dorí kodò lórí ewé, kò sẹ́ni tó rí i. Òfin omi mímu ní kí wọ́n wo ojú ewé kan tí kò sí nínú ìwé náà rárá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ń ké, ẹbí olóyè kan sì dúró sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń pariwo. Jóṣúà gbé ewé tó kù wá fún Clementina.

"Àǹtí, ìwé Pàpá fi ewé méjì lé. Pépà tó wà nílẹ̀ ò gbà á. Ṣé ká lọ wá pépà ni àbí ká gé e?"

Ó gbà á. Ìkọ̀wé Angela ni, tó ń sáré láti apá òsì lọ sí ọ̀tún. *Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi tó kọ́kọ́ sọ ìtàn ọkọ̀ yìí fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Fadá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi Angela.* Ojú rẹ̀ ṣe ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe.

"Ìdúpẹ́ ni," ló wí. "Gé e."

Kò ka ìdajì ìsàlẹ̀. Kò ṣí ewé kejì. Alhaji ti ń pè é, ó sì dìde lọ bá ẹbí olóyè. Jóṣúà fi ewé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, nígbà tó sì di ìrọ̀lẹ́ tó fẹ́ nu tàdáwà kúrò lára rólà ẹ̀rọ, àwọn ló wà nítòsí, àwọn ló sì fi nù ún.

Ẹ ò rí i bí nǹkan ṣe máa ń rọrùn tó láti bàjẹ́.

Ọjọ́ kejì Kérésì pé, gbọ̀ngàn kún. Aṣọ funfun ni Pàpá Gregory wọ̀, pẹ̀lú fìlà. Ìwé náà ní èèpo búlúù, àwòrán ọkọ̀ wà lára rẹ̀, bàbá náà sì gbé e sí imú, ó ń fa òórùn tàdáwà rẹ̀ bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀. Philip, tíṣà kékeré kan nínú ìjọ, ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ọkọ̀. Clementina dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, inú rẹ̀ ń dùn. Òótọ́ ni. Títí ayé ni yóò máa rántí pé inú òun dùn ní wákàtí yẹn.

Nígbà tí ìjì dé, Philip ní láti dorí ìwé kodò kó tó lè ka àtẹ náà, gbogbo èèyàn sì rẹ́rìn-ín, Pàpá náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá omi mímu títí ní ojú ewé tí kò sí, Philip sì fọgbọ́n sọ ọ́ dé ibi tó ṣeé sọ dé. Àwọn ọmọ náà mọ ayò wọn. Ọmọdébìnrin tó ń jẹ́ agbẹ̀bí gbẹ̀bí obìnrin kan nínú ìjì, ó ká gèlè ìyá rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, ó gbé e mọ́ra. Ẹni tó jẹ́ ààfáà fi omi tirẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ tuntun náà. Philip kà á pé òkùnkùn ṣú, pé ẹni tó wà lórí òpó ọkọ̀ kígbe, pé iná kéékèèké ń tàn níwájú: Èkó ni. Ó ṣí ewé. Èèpo ẹ̀yìn ìwé ló bá.

"Máa kà á lọ," ni Pàpá Gregory wí.

"Pàpá, ó ti tán."

"Kí ló tán? Wọ́n ti rí iná. Ṣí ìwé, kà á."

"Ìwé ló tán, sà." Philip ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn, ó gbọ̀n ọ́n bí ẹni pé nǹkan lè já bọ́ níbẹ̀.

Ọmọdébìnrin tó gbé gèlè mọ́ra gbójú sókè. "Pàpá, ṣé a ti dé?"

Bàbá náà na ọwọ́, wọ́n gbé ìwé náà fún un. Ó fi ìka tọ ewé tó gbẹ̀yìn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì fi ìka kan èèpo. Lára ògiri níbi tó wà, Clementina rántí ewé méjì yẹn. Ìtìjú bá a débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

Pàpá Gregory rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọdún ló ń lọ lọ́wọ́," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi lójú omi. Ẹ bu ìrẹsì fún àwọn ọmọ."

Ní ọjọ́ kejì àpéjọ náà, Clementina lọ bá a nílé. Kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi àfi ara rẹ̀, kò dárúkọ Jóṣúà, kò dárúkọ Alhaji. Ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ bó ṣe rí.

"Ìdúpẹ́," ni bàbá náà wí. "Tínà, ìwọ náà ti wọkọ̀ rí. Tó o bá sọ̀ tán, ṣé o máa ń padà sínú ọkọ̀ lọ kí wọn pé ẹ ṣé? Kéèyàn tó sọ̀ ló ń dúpẹ́. Ìdí tí mo fi fi síbẹ̀ nìyẹn, kó tó kan ibi tí wọ́n ti gúnlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gúnlẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀."

"Ẹ forí jì mí, sà."

"Dìde. Ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ọwọ́ tó gé e ló máa lẹ̀ ẹ́ padà. Wá lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn Máàsì, mú pépà dání. Màá sọ ọ́, wàá kọ ọ́. A máa tẹ ewé kan, a máa fi sínú ìwé."

"Pàpá, ẹ jẹ́ n kọ ọ́ báyìí."

"Rárá o. Ìkánjú ò ṣeé lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ìkánjú la fi ṣe ti àkọ́kọ́."

Mo mọ ohun tí ẹ máa bi mí. Àwọn tó ti ta ayò náà nílé rẹ̀ ńkọ́, ṣé wọn ò mọ̀ ọ́n ni? Wọn ò mọ̀ ọ́n. Ojú ọ̀gá ọkọ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ rí òfin tó kẹ́yìn, Pàpá Gregory nìkan ló sì ti ń jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ látọjọ́ yìí. Àwọn ọmọ kàn mọ̀ pé ọkọ̀ máa ń dé ni, wọn ò mọ ohun tó ń gbé e dé. Bàbá náà ì bá sì pe ẹlòmíràn kó kọ ọ́, ó lágídí, ó ní Tínà ni.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, ibà dá bàbá náà dùbúlẹ̀. Ti ọ̀sẹ̀ kejì, ọlọ́lá kan kú, Alhaji ránṣẹ́ pe Clementina kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ti ẹ̀yìn ìyẹn, ó rẹ Clementina fúnra rẹ̀. Fọ̀la-dọ́la ṣe bẹ́ẹ̀ wọ ọ̀rọ̀ náà. Tí wọ́n bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá á gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, á ní, "Tínà, a ṣì wà lójú omi o." Á fèsì pé, "Pàpá, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kò dùn mọ́, Clementina sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Máàsì ìdájí, èyí tí àwọn arúgbó kì í wá. Ó dùn mí láti sọ ọ́, àmọ́ ó sá fún un.

Ẹ̀ẹ̀kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i. Ìgbà òjò ọdún 1990 ni, ó mú pépà, ó lọ. Inú Pàpá Gregory dùn, ó ní kí wọ́n po mìngáù, ẹ̀kọ mímu àwọn Àgùdà, fún un. Ó sì bẹ̀rẹ̀ bí àgbà ṣe ń bẹ̀rẹ̀, láti orí ìyá ìyá rẹ̀, láti orí bí ilé ìdáná wọn ṣe máa ń rùn, láti orí ohun tí àwọn èèyàn kó sínú àpótí nígbà tí wọ́n ń ti Bàhíà bọ̀. Clementina ń kọ, ó ń wo ojú fèrèsé. Kò tíì dé ibi òfin náà rárá tí Jóṣúà fi sáré dé pé ìwé ètò ìsìnkú kan ti dojú rú, fọ́tò òkú kan ló wà lórí orúkọ òkú mìíràn, Alhaji sì ti ń gbọ̀n.

Ó dìde. "Pàpá, a máa parí ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"A ò jìnnà mọ́," ni bàbá náà wí. "Mo ti ń rí iná."

Nínú ọyẹ́ ọdún tó tẹ̀lé e, Pàpá Gregory sùn, kò jí.

Ilé ìtẹ̀wé Alhaji Tìjání ni wọ́n gbé ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀ wá, níbo ni wọn ì bá tún gbé e lọ? Àìsùn ti ku ọ̀la, bí àṣà. Clementina ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú rúlà jáde, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó sì fi sábẹ́ ìlà àkọ́kọ́. Ó ń ka orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Alhaji wá, ó dúró, ó wo aago.

"Tíṣà! Òkú ò lè dúró o!"

"Eléyìí á dúró, Alhaji," ló wí, kò gbójú sókè. "Ó ti dúró dè mí láti ọjọ́ pípẹ́ wá."

Ìdúpẹ́ wà lẹ́yìn ìwé náà lódindi, kò gé lẹ́tà kan níbẹ̀, kò sì sí àṣìṣe kan ṣoṣo nínú gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Kò wúlò fún bàbá náà mọ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Angela wálé sin bàbá rẹ̀. Nígbà tí èrò ti túká, Clementina fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lábẹ́ ilé, ó bi í ní ohun tó ti wà lọ́fun rẹ̀ látàárọ̀.

"Ewé méjì tó kẹ́yìn yẹn, Angela. Ìwọ lo kọ ọ́. Báwo ni wọ́n ṣe ń gúnlẹ̀?"

Angela ronú. Ó ronú débi pé iṣan ìwájú orí rẹ̀ yọ. "Àǹtí, mi ò rántí. Físà ló wà lọ́kàn mi nígbà yẹn. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń kọ ọ́, I just wan finish am." Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mo rántí pé wọ́n dákẹ́ níbì kan, wọ́n yọ háńkáṣíìfù, wọ́n nu ojú. Mi ò bi wọ́n pé kí ló dé. Mo ní, 'Papa, what next?'"



Láti ìgbà náà ni rúlà ò ti padà sínú dúrọ́ọ̀ mọ́. Alhaji pariwo, ó rẹ̀ ẹ́, ó gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ìwé Ọkọ̀ Ń Bọ̀ tí àwọn ọlọ́jà Ìdúmọ̀tà gbà tà, tí wọ́n sì dá èyí tó kù padà, wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn Clementina, eruku bò wọ́n, kò jẹ́ kí wọ́n fi nu nǹkan kan. Ọdún ń gorí ọdún.

Lọ́jọ́ kan lọ́dún 2003, obìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún wọlé pẹ̀lú ìwé ìpè fún fìdáù ogójì ọjọ́ bàbá rẹ̀. Hàwáwù lorúkọ rẹ̀, Òkè Pópó ni ilé bàbá rẹ̀ wà. Ó jókòó, ó ń wo bí rúlà ṣe ń rìn, kò pòṣé. Ojú rẹ̀ wá lọ sórí pẹpẹ.

"Ah! Mọ̀mí, ẹ ṣì ní ìwé yìí? Bàbá wa rà á fún wa ní Ìdúmọ̀tà. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ, òun la máa ń ta."

Rúlà dúró. "Ẹ gbádùn ẹ̀?"

"Gan-an ni, ma! Èmi ni mo máa ń jẹ́ télọ̀. Bàbá wa ni ọ̀gá ọkọ̀."

"Báwo lẹ ṣe máa ń parí ẹ̀?"

"Parí ẹ̀ kẹ̀? A máa rí iná Èkó, ìwé á sì tán. Bàbá wa ní bí ayò náà ṣe rí nìyẹn, pé wọ́n máa ń rí ilé, wọn kì í dé ibẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin máa ń sunkún, bàbá wa á ní kó dákẹ́, pé bí ayé ṣe rí náà nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò lọ jìnnà. "Ó ti wà ní Amẹ́ríkà láti ọdún wo. Kò wálé rí. Tí bàbá wa bá bi í lórí fóònù pé ìgbà wo ló ń bọ̀, á ní, 'Bàbá, mo ti ń rí iná.' Ohun tó sọ fún mi náà nìyẹn, lọ́jọ́ tí wọ́n sìnkú."

Clementina gbé bírò pupa sílẹ̀. "Wọ́n máa ń dé," ló wí.

"Ẹ̀n?"

"Nínú ìwé yẹn. Wọ́n máa ń dé. Gbogbo wọn."

Hàwáwù fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé tábìlì, ojú rẹ̀ sì di ojú ọmọdé. "Lóòótọ́, ma? Báwo ni wọ́n ṣe ń dé?"

Clementina wo pẹpẹ, ó wo rúlà, ó wo ojú ọmọ náà tó ń dúró dè é.

"Mi ò mọ̀," ló wí. "Èmi ni mo gé e."